Ìlà Tí Kò Ní Nọ́ńbà

Atẹ̀wé tẹ "nl", àṣẹ tó ń ka ìlà, síwájú orúkọ fáìlì tí àbúrò rẹ̀ obìnrin gbé wá, kọ̀ǹpútà sì fi nọ́ńbà síwájú àwọn ìlà rẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ bàbá wọn ni, èyí tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ sínú ìwé ìsìnkú rẹ̀. Nọ́ńbà kẹjọ ni ó parí sí.

"Ọmọ mélòó ni bàbá wa bí?"

"Mẹ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo mọ̀! Ẹ ti yọ mí kúrò. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fura sí yín."

"Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti lo tiyín kọjá ìwọ̀n. Ẹ wo abẹ́ nọ́ńbà kìíní."

Lábẹ́ orúkọ àkọ́bí, ìlà kan ṣófo. Atẹ̀wé rántí pé àṣẹ náà kì í fún ìlà tó ṣófo ní nọ́ńbà.

"Ẹ̀yin lẹ búra nígbà ìjà ọdún mẹ́fà sẹ́yìn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ orúkọ yín mọ́ tiwa," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Bàbá ló tẹ fáìlì yìí fúnra wọn kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní ká má dí àyè yẹn."

Atẹ̀wé tẹ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, ó sì tún pe àṣẹ náà. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèje sún sísàlẹ̀ ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.