Ilẹ̀ Tí Wọ́n Kọ́ Yunifásítì Sí

“Igbó ni ibẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ yunifásítì sí i, àbí, Àlàájà?”

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ń kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí obìnrin náà tó lanu. Ìtàn ọgbà yunifásítì abúlé wọn ló ń kọ. Ọmọ abúlé kan náà ni òun àti Àlàájà Suwaibat, tó ń lọ aṣọ fún àwọn ará An-Nakkasah, àdúgbò kan ní Mẹ́kà.

Àlàájà gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ta ló sọ fún ọ pé igbó ni?”

“Bàbá mi ni, mà. Àwọn ló fọwọ́ síwèé ilẹ̀ náà fún ìjọba.”

“Ilé mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Àìsàn dá ọkọ mi dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ tí katakata wó tiwa. Kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tó fi kú.”

Ojú ti akẹ́kọ̀ọ́ náà. “Bóyá ẹ ò mọ bàbá mi, mà.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ojú rẹ̀ lo gbé wọ̀. Mo ti mọ̀ látìgbà tí o ti wọlé.”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi gbà mí láyè?”

“Bàbá rẹ ló kọ ọ́ síwèé pé igbó ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ni yóò kọ òótọ́ sílẹ̀.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn onílé náà lọ́kọ̀ọ̀kan.