Àwo Ìṣínu

Bí nọ́ọ̀sì ṣe yíjú báyìí, alábàárù da ìrẹsì àti ẹran inú àwo sínú náílọ́ọ̀nù, ó tì í sábẹ́ híjáàbù. Omi nìkan ló fi ṣínu.

Lọ́sàn-án, ní ilé ìwòsàn Ìkòsí yìí, níbi tí dókítà kan ti ń ṣèwádìí lára àwọn aláàwẹ̀, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ fa ọ̀rá díẹ̀ níkùn rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rá ara máa ń fi ṣúgà díẹ̀ pamọ́, ààwẹ̀ á jẹ ẹ́ tán, ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá ti wọlé, ọ̀rá á tún kó òmíràn jọ. Èyí tó bá kó jọ ni wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ kejì wò.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì padà dé, ó kọ́kọ́ gún un níka, ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ tó ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀.

“Mọ́mì, ṣé ẹ jẹ oúnjẹ yìí?”

“Mo jẹ ẹ́ tán.”

“Ẹ̀jẹ̀ yín ò mọ̀ sí i.”

Alábàárù rọra yọ náílọ́ọ̀nù jáde. “Àwọn ọmọ mi ò tíì jẹun látàná.”

“Ẹ má bínú. Bí ẹ ò bá jẹ ẹ́ níṣojú mi, Dókítà ò ní pè yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mọ́.”

Ó ro oúnjẹ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ẹran tó ṣèlérí fún àbíkẹ́yìn rẹ̀ ló fi kẹ́yìn.

Ó ṣì ń jẹ ẹ́ lẹ́nu nígbà tí fóònù dún. Nọ́ọ̀sì bá a tẹ̀ ẹ́, torí ọwọ́ alábàárù kún fún epo.

“Màámi,” ohùn kékeré kan wí, “a ti fọ àwo sílẹ̀ dè yín.”