Igi Pupa Tí Kò Dé Abẹ́ Ilẹ̀

Ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ fara balẹ̀ kà á tán, nítorí ìdí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

1.

Káfíńtà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dígí, torí pé bó bá ṣe àga, ojú ara rẹ ni wàá rí lára rẹ̀. Ilé pákó kan lẹ́yìnkùlé ló fi ṣe ìsọ̀. Pákó ni ilẹ̀ ibẹ̀ náà; àwọn igi ìdábùú tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé e ró lórí búlọ́ọ̀kù, àyè sì ṣófo lábẹ́ rẹ̀, níbi tí àwọn adìẹ ti máa ń sá fún oòrùn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló jọ ń ṣiṣẹ́: ọkọ á kàn án, ìyàwó á fi fáníìṣì kùn ún.

Nígbà tó yá, Dígí ra ẹ̀rọ tó ń fá pákó, irin gidi, tó wúwo débi pé àwọn tó gbé e wá ń bú ẹni tó rà á lójú ọ̀nà. Kí wọ́n tó gbé e wọlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà dojú bolẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ ilẹ̀ náà.

"Àbúrò, ẹ̀rọ yìí kì í ṣe àga ìjókòó o. Ó ti rẹ igi tó wà lábẹ́ yìí. Wá igi líle, kó o tò ó sáàárín wọn. Èmi á wá mọ búlọ́ọ̀kù sí ọ̀gangan ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ máa wà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti parí."

2.

Dígí ra igi náà lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Igi pupa ni. Ó fá ojú ọ̀kan wò, ìlà inú rẹ̀ ń ṣàn bí odò tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọ̀ sí. Dígí jókòó tì í, ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Oúnjẹ rẹ̀ tutù, kò mọ̀.

"Igi tó rẹwà tó báyìí, kí n wá rì í mọ́lẹ̀ fún adìẹ láti máa wò?"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Kì í ṣe adìẹ ló máa gbé ẹ̀rọ, igi ni."

"Ìyàwó mi, ta ló ń bẹ abẹ́ ilẹ̀ wò?"

Ló bá la igi náà sí pákó, ó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ àtijọ́. Ẹ̀yin ará, ẹ ò rí nǹkan? Igi tó yẹ kó gbé ẹrù, òun náà tún di ẹrù. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè, ó ní kó má ṣèyọnu, òun ti lo igi náà tán. Kò purọ́, kò sì sọ òótọ́.

3.

Ẹni tó bá wọ ìsọ̀ náà lásìkò yẹn á rò pé ojú àlá lòun wà. Ilẹ̀ ń dán bí omi adágún. Àwọn oníbàárà ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún wọn. Bí ẹ̀rọ bá ti ń kùn, eruku igi á máa fò nínú ìtànṣán oòrùn, ilẹ̀ á máa mì jẹ́jẹ́, bí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ síbi tí kò kánjú dé. Dígí á di ojú. Ó dùn mọ́ ọn.

"Baálé mi, ilẹ̀ yìí ń mí o."

"Jẹ́ kó mí. Ohun tó bá ń mí kò tíì kú."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó sì rọra gbé agolo fáníìṣì rẹ̀ jìnnà sí ẹ̀rọ.

4.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Pákó gígùn kan ni wọ́n ń fá: ọkọ ń tì í wọ ẹnu ẹ̀rọ, ìyàwó ń gbà á lódìkejì. Nǹkan kan dún lábẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná. Dígí rí ẹ̀rọ tó ń tẹrí ba díẹ̀díẹ̀, bí àgbàlagbà tó ń tòògbé. Ó rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Kó tó nawọ́, ilẹ̀ ti là, ẹ̀rọ ti rì, ó sì ti há ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ mọ́ àárín irin àti igi pupa.

"Ẹsẹ̀ mi! Baálé mi, ẹsẹ̀ mi!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ igbe náà nílé kejì, ó sáré dé. "Gbé àáké! Fọ́ ilẹ̀ yẹn!"

Dígí gbé àáké sókè. Ó wo bí igi náà ṣe ń dán. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Kò pẹ́ rárá, kò tó kéèyàn ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ rí i. Lẹ́yìn náà ló wá ń gé igi náà, tó ń gé e, tó ń sunkún.

5.

Wọn ò gé ẹsẹ̀ náà nílé ìwòsàn, àmọ́ kò padà sí bó ṣe wà. Dígí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún abẹ́ ilẹ̀ ṣe: igi líle, búlọ́ọ̀kù, símẹ́ńtì. Ó pe ìyàwó rẹ̀ wá wò ó. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọ̀pá tó fi ń rìn kan ilẹ̀.

"Ó dúró dáadáa."

"Wọlé, ìyàwó mi. Kò ní mì mọ́."

"Mo mọ̀ pé kò ní mì. Ọwọ́ tó dúró lókè lọ́jọ́ náà ni mi ò tíì gbàgbé."

Ó yí padà, ó rọra ń lọ sínú ilé. Láti ọjọ́ náà, Dígí nìkan ló ń ti pákó wọ ẹ̀rọ. Òun náà ló ń sáré yí ká lọ gbà á lódìkejì.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbọ́ o. Kí ẹ tó gbé ẹrù wúwo ka ilẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹ tó kun ojú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ohun tó ń dán gba ipò ẹni tó ń bá yín gbé ẹrù. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.