Ọmọ Ìjàpá Odò Tí Gbọ́ládé Gbé Wálé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ pa fóònù dé. Ẹ kà á tán, torí ó lè jẹ́ pé irú ẹ̀ wà nínú ilé yín.

Gbọ́ládé, ọmọ Ìwó, ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ike kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Ìjù ni òun, Mọ̀nsúrát ìyàwó rẹ̀ àti Tóyọ̀sí, ọmọ wọn obìnrin, ń gbé. Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó rí ọmọ ìjàpá odò kan létí odò, kò ju ẹyin adìẹ lọ. Ó kì í bọ inú ọ̀rá, ó di ilé.

Ìyá Ọ̀ṣìnúbí, onílé wọn, tí wọ́n bí sí Ọ̀tà, yọjú wo inú ọ̀rá náà. Ó sún sẹ́yìn.

"Gbọ́ládé, dá a padà sódò."

"Ẹ má bẹ̀rù, Màmá. Màá tọ́jú ẹ̀ dáadáa."

"Ẹni tó ni ín kò bẹ̀ ọ́ ní iṣẹ́ alágbàtọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó bu omi ẹ̀rọ sínú abọ́ ike, ó fi ẹran náà sí i, ó gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá níbi tí oòrùn kì í dé. Búrẹ́dì ló ń fún un jẹ. Ó gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Wásáàpù. Bí wọ́n ṣe ń yìn ín ni orí rẹ̀ ń wú. Tóyọ̀sí á gbé ìjàpá náà ṣeré, á tún fi ọwọ́ yẹn jẹun. Kò sẹ́ni tó ní kó fọwọ́.

Nígbà tó yá, ìkarahun ẹ̀yìn ẹran náà rọ̀ bí àkàrà tó bọ́ sómi. Ojú rẹ̀ wú, ó dì. Síbẹ̀, apá ibi tí odò wà ló máa ń kọjú sí. Bí wọ́n bá yí abọ́ náà, òun náà á tún yí.

"Bàbá Tóyọ̀sí, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ dá a padà."

"Lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n mọ́ mi? Rárá o."

Ìgbẹ́ gbuuru àti ibà bá kọlu Tóyọ̀sí. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ojú rẹ̀ méjèèjì ti wú, wọ́n ti dì. Dókítà béèrè pé, "Ṣé ẹ ń sin ẹran kankan nílé?" Mọ̀nsúrát wo ọkọ rẹ̀. 

Gbọ́ládé sáré délé. Ìjàpá ti kú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti là sílẹ̀ kedere. Ó gbé e dé odò, ó jù ú sómi. Òkú ìjàpá náà léfòó padà wá síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún jù ú jìnnà. Ó tún padà, bẹ́ẹ̀ omi náà kò ṣàn síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ìgbà tó gbójú sókè, orí àwọn ìjàpá ló yọ kún ojú omi. Wọ́n ń wò ó.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní."

Gbogbo wọn rì lẹ́ẹ̀kan náà.

Tóyọ̀sí kò kú. Wọ́n kó lọ sí Alápòtì, níbi tó jìnnà sódò. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí òjò bá ti ṣú, ọmọ náà á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á dáhùn bí ẹni tí wọ́n pè: "Mò ń bọ̀ o!" Mọ̀nsúrát á dì í mú, á máa sunkún.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá rí ọmọ ẹran inú igbó tàbí ti odò, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹ má fi ẹlẹ́mìí ṣe fọ́ńté. Bí àgbà bá sì kìlọ̀, ẹ gbọ́: ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́.