Ọmọ Tí Kì Í Yára Dáhùn

Damaris, aṣáájú akọrin ní Ìlọ́fà, kò ní sùúrù rárá fún ọmọ tí kò bá yára. Àléébù rẹ̀ nìyẹn. Láti kékeré lòun ti ń dá kọrin níwájú ìjọ. Ó wá gbà pé bí ọmọ gidi ṣe ń rí nìyẹn.

Àtinúkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni yóò ti kọ́kọ́ wò ó pẹ́. Ọbẹ̀ tuntun pàápàá, á gbóòórùn rẹ̀ kó tó fẹnu kàn án. "Irú ọmọ wo rèé?" ni Damaris máa ń bi ara rẹ̀. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kì í dúró wá ìdáhùn. Pàṣán ló máa ń mú.

Lọ́dún 1978, lọ́jọ́ ọdún àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pe Àtinúkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà, síwájú kó wá ka ẹsẹ Bíbélì lórí. Ó mọ̀ ọ́n dunjú. Ó ti kà á fún àwọn adìẹ ẹ̀yìnkùlé láìmọye ìgbà. Ó kọ́kọ́ wo àwọn èrò. Kó tó lanu, ìyá rẹ̀ ti jáde láàárín akọrin, ó fọ́ ọ létí.

"Ṣé odi ni ọ́ ni?"

Háà! Níwájú gbogbo ìjọ!

Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà, tó ń hun aṣọ ní Ọ̀sí, wà níbẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, fún mi lọ́mọ yìí."

"Ẹ máa mú un lọ, mà. Tó bá ti lè sọ̀rọ̀, mo máa wá mú un."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Àtinúkẹ́ fi jókòó ti òfì, tó kàn ń wò. Àbẹ̀kẹ́ kò yọ ọ́ lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan ni ọmọ náà nawọ́: "Ẹ ti fo òwú dúdú kan." Òótọ́ ni! Àbẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín, ó tú u, ó sì tún un hun. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jọ ń hunṣọ, tí wọ́n jọ ń tàkúrọ̀sọ.

Lẹ́yìn ọdún méjì, Damaris gbọ́ báwọn èèyàn ṣe ń yin ọmọ rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Ọ̀sí. Àtinúkẹ́ kúnlẹ̀, ó gbé omi fún un.

"Káre! Lọ di ẹrù rẹ, à ń lọ ulé."

Ọmọ náà wò ó títí. Lọ́tẹ̀ yìí, Damaris dúró. Ó ń fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ọmọ náà gan-an.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni Àtinúkẹ́ wí, "ẹ jẹ́ kí n bi Màámi ná." Àbẹ̀kẹ́ ló kọjú sí.

Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó bá ìyá rẹ̀ lọ. Ọmọ náà di igi òfì mú, ó bú sẹ́kún. Damaris nìkan ló padà sí Ìlọ́fà, tó ń sunkún nínú ọkọ̀ lójú gbogbo èrò.

Ẹ̀yin òbí, ìwà àbímọ́ ọmọ kì í dọ́gba. Ọmọ kan á bẹ́ sódò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èkejì á kọ́kọ́ wo bó ṣe jìn tó, kò sì sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ẹ fara balẹ̀ wo èyí tí Ọlọ́run fún yín, kí ẹ sì tọ́ ọ bó ṣe rí. Damaris fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, kò kàn dúró mọ̀ ọ́n ni. Nígbà tó máa dúró, ọmọ ti rí ìyá mìíràn.