Alágẹmọ Adájọ́ Orí Ilà

Àlọ́ mi balẹ̀ gbì, kò balẹ̀ síbòmíràn, orí ilà eérú ló balẹ̀ sí.

Àwọn ẹranko ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù ní pápá tí wọ́n fi eérú fa ilà yí ká. Ẹkùn ló ni ìta ilà. Ohunkóhun tó bá bọ́ síbẹ̀ di oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n ní kí Alágẹmọ dúró lórí ilà máa dájọ́, torí ojú rẹ̀ kan lè wo inú kí èkejì máa wo ìta.

Ìnàkí gbá bọ́ọ̀lù, ó balẹ̀ sórí ilà. Alágẹmọ wo èékánná Ìnàkí, ó ní, "Inú ni!" Ehoro gbá tirẹ̀, ó balẹ̀ síbẹ̀ gan-an. Alágẹmọ ní, "Ìta ni!"

Ehoro ní, "Bàbá, ṣebí ilà kan náà ni?"

"Ìwọ lo mọ òfin ni, àbí èmi?"

Àwọn òǹwòran bú sórin:

Adájọ́, ilà dà?
*Ó wà níbẹ̀!*
Inú ni àbí ìta?
*Ó wà níbẹ̀!*

Ẹkùn wá gbé bọ́ọ̀lù Ehoro. Ó gbé e tán, kò lọ.

"Adájọ́, orí kí lo dúró lé yẹn?"

"Orí ilà ni, ọ̀gá."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ìta ni ilà?"

Àwọ̀ Alágẹmọ di ti eérú. Ó wojú Ehoro.

Ehoro ní, "Bàbá, ẹ dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin lẹ mọ òfin."