Fáìlì Abọ́sẹ̀dé

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago méjìlá ọ̀sán lù. Ẹni tí wọn ò bá rí fáìlì rẹ̀ títí ìgbà náà, òfin ò ní kà á mọ́ alààyè mọ́. Akọ̀wé tún tẹ àṣẹ ìwákiri sójú kọ̀ǹpútà: Abọ́sẹ̀dé, orúkọ obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀. Kò rí nǹkan kan.

"Mà, ta ló bá yín fi fáìlì yín pamọ́?"

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ti ṣaláìsí."

Ọwọ́ akọ̀wé dúró. "Ìyàwó ilé ò kúkú ní pe orúkọ yín. Kí ló máa ń pè yín?"

Abọ́sẹ̀dé sún mọ́ tábìlì. "Ìbàdíàrán."

Akọ̀wé tẹ orúkọ náà. Fáìlì kan ṣoṣo yọ. Ẹ̀rọ béèrè: Ṣé ìwọ ni Ìbàdíàrán?

"Èmi ni," ni Abọ́sẹ̀dé dáhùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyàwó náà, ẹnikẹ́ni ò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.